Ìdí Tí A Fi Fi Iṣẹ́ Báńkì Sílẹ̀

  

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ wòlímà tí ó kọjá, òun ni ó mú wa kọ èyí. Nígbà tí wọ́n ń pe àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ síta, ààfáà tí ó ń ṣe wáàsí lọ́jọ́ náà ní kí àwa mẹ́rin kan dìde, ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan. Ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, ó ní kí gbogbo èrò wò wá dáadáa, pé àwa ni a ti ṣiṣẹ́ ní báńkì rí, tí owó ńlá ń wọlé fún wa, ṣùgbọ́n tí a bẹ̀rù Ọlọ́hun, tí a fi ribà sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín. Gbogbo èrò kábárà. Àwọn ìyá wa jáde wá ná wa lówó. Ẹni tí ó bá súnmọ́ wa nígbà náà ni yóò rí i pé ilẹ̀ ni mẹ́ta nínú wa ń wò, tí ẹnì kẹrin sì fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, nítorí ẹ̀rín ń pa á.

Ìyìn yẹn kì í ṣe tiwa, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a ń gbà á. Èyí tí ó burú jù ni pé ẹnì karùn-ún wa wà níbẹ̀, arábìnrin wa kan tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní báńkì títí di òní. Láàárín àwọn obìnrin ni ó jókòó sí. Kò sí ẹni tí ó pè é dìde, kò sì sí ẹni tí ó bú u, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé oúnjẹ jáde ó ti gbé báàgì rẹ̀, ó ti lọ. Láti ọjọ́ náà kò wá sí àsálátù olóṣooṣù tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ máa ń ṣe mọ́.

Ni a bá pe ara wa jọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní Ìbàdàn. Àwa mẹ́ta wà ní ìjókòó, ẹnì kẹrin tí ó ti padà sí ìlú Ọba wà lórí fóònù. A fi ẹnu kò pé kí oníkálukú sọ ohun tí ó lé òun kúrò ní báńkì gan-an, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì gbé e fún olóòtú ìwé ìròyìn yìí. Ẹni tí ó ń fi bírò kọ ọ́ wà nínú àwa mẹ́rin, ṣùgbọ́n a kò ní sọ èwo ni.

Ẹ̀gbọ́n wa tí ó dàgbà jù ni kí a fi ṣáájú. Ọdún 1991 ni ó wọ iṣẹ́ báńkì. Ẹ̀yin ọmọdé kò lè mọ bí ìgbà náà ṣe rí. Láti 1986, nígbà tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Babangida yí ètò ọrọ̀-ajé padà, ẹni tí ó bá ti ní owó díẹ̀ àti ojúlùmọ̀ ní Èkó ń lọ gba ìwé àṣẹ báńkì. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sókè, báńkì ti lé ní 100 ní Nàìjíríà. Àwọn báńkì tuntun wọ̀nyí ń wá ọmọ tí ó kàwé, tí ó mọ aṣọ wọ̀, wọ́n sì ń san owó tí olùkọ́ kò lè fojú rí láàárín oṣù mẹ́fà. Bàbá ẹ̀gbọ́n wa pa àgbò, ó pe àwọn ààfáà wá ṣàdúà, inú ọgbà ilé-kéwú yìí kan náà ni wọ́n sì ti ṣe é.

Ẹ̀ka ẹ̀yáwó ni wọ́n fi í sí. Òun ni ó ń kọ ìwé àdéhùn: iye tí oníbàárà yá, iye èlé orí rẹ̀, ọjọ́ tí yóò san án. Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé àwọn tí ó ń yá owó jù kì í ṣe oníṣòwò ìta. Àwọn ọ̀gá tí ó ni báńkì náà gan-an ni wọ́n ń yá owó tí àwọn ènìyàn fi pamọ́, wọn kì í sì í san án. Nígbà tí ó di nǹkan bí 1995, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbé e dúró sí ní àárọ̀, kí ó máa sọ fún àwọn tí ó wá gba owó ara wọn pé kí wọ́n padà wá ní Àlàmísì. Bí Àlàmísì bá dé, yóò ní kí wọ́n wá ní Àtìní.

Ní oṣù January 1998, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì 26 lẹ́ẹ̀kan náà. Tirẹ̀ wà nínú wọn. Òfin ìgbà náà ní kí àjọ NDIC san owó fún àwọn tí ó fi owó pamọ́ sí irú báńkì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ju 50,000 náírà lọ fún ẹnì kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò máa dúró títí wọn yóò fi ta dúkìá báńkì tí ó kú náà, bóyá wọn yóò rí nǹkan fi kún un. Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní Gbági wá sí ilé ẹ̀gbọ́n wa lẹ́ẹ̀mẹta. Kò bú u o. Yóò kàn jókòó sí iwájú ilé, yóò ní, "Ọmọ mi, ìwọ ni o gba owó náà lọ́wọ́ mi." Ẹ̀gbọ́n wa ní títí di òní, tí òun bá fẹ́ kọjá ní Gbági, ọ̀nà ẹ̀yìn ni òun ń gbà.

Ó rí iṣẹ́ ní báńkì kékeré mìíràn ní ọdún 2000. Ní oṣù July 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo tí ó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà kéde pé báńkì tí kò bá ní bílíọ̀nù 25 náírà gẹ́gẹ́ bí owó ìpìlẹ̀ ní òpin ọdún 2005, kò ní lè máa ṣe báńkì mọ́. Bílíọ̀nù 2 ni ó wà tẹ́lẹ̀. Báńkì 89 ni a ní kí èyí tó dé. Nígbà tí 2005 parí, 25 ni ó kù. Àwọn kan dara pọ̀ mọ́ ara wọn, àwọn kan parẹ́. Nígbà tí báńkì mẹ́ta bá di ọ̀kan, ẹ̀ka mẹ́ta tí ó wà ní òpópónà kan náà yóò di ẹyọ kan, máníjà mẹ́ta yóò máa wo àga kan ṣoṣo. Orúkọ ẹ̀gbọ́n wa wà nínú àwọn tí wọ́n ní kí ó máa lọ.

Nítorí náà nígbà tí ó kàn án láti sọ ìdí tí ó fi fi báńkì sílẹ̀, gbólóhùn kan ni ó sọ: "Èmi kọ́ ni mo kọ ribà. Ribà ni ó kọ̀ mí, lẹ́ẹ̀mejì." A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ pé ní 2007, ọ̀gá òun àtijọ́ kan pè òun pé kí òun padà wá, òun sì sọ pé rárá. Ó ti ń ta sìmẹ́ǹtì nígbà náà. Ó ti ń rántí hádíìsì tí a kọ́ níhìn-ín, pé ẹni tí ó jẹ ẹ́, ẹni tí ó fún un jẹ, ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ àti àwọn tí ó jẹ́rìí sí i, ọ̀kan náà ni wọ́n. Òun sì ni akọ̀wé fún ọdún 12 gbáko. Ṣùgbọ́n bí a ṣe bi í bóyá nítorí èyí ni ó ṣe kọ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun kò lè búra. Ó ní ó lè jẹ́ nítorí Ọlọ́hun, ó sì lè jẹ́ nítorí pé òun kò fẹ́ kí wọ́n tún lé òun lẹ́ẹ̀kẹta.

Arábìnrin wa ni ó sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni ó gùn jù, a sì fẹ́ kí ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sáré wá iṣẹ́ báńkì fún ọmọbìnrin yín kà á dáadáa.

Ní 2007 ni ó wọ ọ́, ní kété tí ó sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ìpolówó pé ẹni tí ó bá ju ọdún 26 lọ kí ó má wulẹ̀ wá. Ohun tí wọ́n kò kọ síbẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní tágẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀. Owó tí báńkì ń yá ẹlòmíràn kì í ṣe owó ara rẹ̀. Owó tí èmi àti ìwọ bá fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Bí alágbẹ̀dẹ kò ṣe lè ṣiṣẹ́ láìsí irin, bẹ́ẹ̀ ni báńkì kò lè ṣòwò láìsí owó onílé àti àlejò. Nítorí náà wọn yóò da àwọn ọ̀dọ́ sí ìgboro láti lọ máa wá a. Wọ́n fún arábìnrin wa ní iye tí ó gbọ́dọ̀ kó wọlé láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́: mílíọ̀nù 50 náírà. Ọmọ ọdún 24 ni. Bàbá rẹ̀ ń rán aṣọ, ìyá rẹ̀ ń ta elùbọ́. Níbo ni yóò ti rí olówó?

Ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan ni ó kọ́kọ́ lọ. Bàbá kan ní agboolé wọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ láti báńkì tirẹ̀ wá fún un nítorí pé ó jẹ́ ọmọ dáadáa. Ó lọ bá alága mọ́sálásí, ó lọ bá àwọn ọ̀gá ilé-ìwé, ó lọ bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Nígbà tí ó fi pé ọdún kan, àwọn ènìyàn ti ń yẹra fún un níbi ìsìnkú àti ìkómọ, nítorí wọ́n mọ̀ pé yóò béèrè àkáǹtì. Ó sì rí iye náà kó wọlé o! Ẹ̀bùn tí wọ́n fún un ni pé wọ́n sọ ọ́ di mílíọ̀nù 100. Bí ó bá tún dé ibẹ̀, wọn yóò tún gbé e sókè. Ní àràárọ̀ ọjọ́ Àtìní, wọn yóò kọ orúkọ gbogbo wọn sára ògiri pẹ̀lú iná ẹ̀rọ, èyí tí ó ṣe dáadáa ní àwọ̀ ewé, èyí tí kò ṣe dáadáa ní pupa. Ẹni tí tirẹ̀ bá pupa yóò dìde dúró, yóò ṣàlàyé ara rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, àwọn tí ó gbà síṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ yóò máa wò ó.

Ọgbọ́n kan wà tí gbogbo wọn ń dá. Bí òpin ọdún bá ń bọ̀, wọn yóò bẹ olówó kan pé kí ó gbé owó wá sùn sọ́dọ̀ wọn ní ọjọ́ 30 oṣù December, kí ó wá kó o lọ ní ọjọ́ 3 oṣù January. Báńkì yóò rí i nínú ìwé ìṣirò pé òun lówó, òṣìṣẹ́ yóò rí i pé òun kò dìde dúró. Gbogbo wọn mọ̀, láti òkè dé ilẹ̀, pé owó àlejò ni.

Ní August 2009, Ọ̀gbẹ́ni Sanusi Lamido Sanusi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di gómìnà Báńkì Àpapọ̀ yọ ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún lóòjọ́ kan. Nígbà tí yóò fi di October, wọ́n di mẹ́jọ. Bílíọ̀nù 620 náírà ni wọ́n dà sínú àwọn báńkì náà kí wọ́n má baà wó. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni wọ́n dá dúró lẹ́yìn èyí. Wọn kò dá arábìnrin wa dúró, ṣùgbọ́n tágẹ́ẹ̀tì àwọn tí ó lọ kò bá wọn lọ. Wọ́n pín in fún àwọn tí ó kù.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọ́fíìsì àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ rí. Ó ní púpọ̀ nínú wọn ṣe dáadáa sí òun, wọ́n ní kí òun jókòó, wọ́n fún òun ní omi, wọ́n ní kò sí owó. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ó ní mílíọ̀nù 200 tí ó lè gbé wá lọ́la, bí arábìnrin wa bá lè wá bá òun jẹun alẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan. Kò lọ. Nígbà tí ó sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ obìnrin, tí òun náà ti lọ́kọ, èsì tí ó gbà ni pé: "Ṣé o ti sọ fún un pé o kò lè lọ ni? Ó yẹ kí o ti kọ́kọ́ ní kí ó san án." Ọ̀gá náà kò fi rẹ́rìn-ín. Arábìnrin wa jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Dùgbẹ̀ fún wákàtí kan kí ó tó lè wa ọkọ̀ lọ sílé. Ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí ọdún méjì fi kọjá.

Síbẹ̀, ó ní ìyẹn kọ́ ni ó mú òun kọ ìwé. Nínú Rámádánì 2012, yàtọ̀ sí òpin ọ̀sẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó ṣínu ní ilé rẹ̀. Báńkì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ oníbàárà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ìṣirò àti ìpàdé ń bẹ̀rẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Dàbínù mẹ́ta àti omi inú ọ̀rá ni ó fi ń ṣínu lórí tábìlì, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni ó ti ń kírun. Ní ọjọ́ ọdún, ọkọ rẹ̀ bi í bóyá yóò lè ráyè jẹ oúnjẹ ọdún pẹ̀lú wọn. Kì í ṣe ìbéèrè ìjà, ọkùnrin náà kàn ń béèrè ni. Ó ní bí ó ṣe béèrè bí ẹni ń bi àlejò ni ó wọ òun lára. Ó kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ní January 2013. Kò sí ọ̀rọ̀ èlé nínú rẹ̀.

Ẹnì kẹta wa jẹ́ káṣíà, láti 2010 dé 2016. Òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó gbà á tí ó sì yá a fún báńkì. Aṣọ kan náà ni ó ń wọ̀ pẹ̀lú ẹni tí ó jókòó tì í, owó kan náà ni wọ́n ń kà, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń gbà kò tó ìdajì ti ẹnì kejì, kò sì sí ìgbéga. Ọdún mẹ́fà ni ó fi jókòó sí àga kan náà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí ọdún Iléyá ku ọ̀la, èrò kún báńkì dé títì. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí ó ka owó rẹ̀, ó dín ní 40,000 náírà. Bóyá ó san án ju fún ẹnì kan ni o, bóyá ìdì kan kò pé ni o, kò sí ẹni tí ó lè mọ̀. Owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n yọ ọ́ nínú. Kò ra àgbò ní ọdún náà. Àti Jímọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, àwa tí a wà ní báńkì kì í lè lọ gbogbo ìgbà. A máa ń pín in ṣe ni, ìwọ lọ lónìí, èmi lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ní 2016 ọrọ̀-ajé dẹnu kọlẹ̀, àwọn báńkì sì ń dá ènìyàn dúró tó bẹ́ẹ̀ tí Mínísítà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nígbà náà, Dókítà Chris Ngige, fi pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Káṣíà wa rí àwọn tí ó ń lọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀, kò dúró de tirẹ̀. Lónìí, tábìlì kan, agbòòrùn kan àti ẹ̀rọ POS ni ó fi ń jẹun. Iṣẹ́ báńkì náà ni ó ń ṣe, ṣùgbọ́n bí ó bá di aago kan ọ̀sán Jímọ̀, yóò ká tábìlì rẹ̀.

A rò pé òun ni ìyìn ààfáà bá mu jù nínú wa. Òun ni ó kọ́kọ́ ta kò ó. Ó ní kí a rántí February 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ yí àwọ̀ owó padà tí owó sì wọ́n bí ojú. A rántí. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí wọ́n tó jáde sí títì, àwọn mìíràn ń gba orí ògiri lọ sílé. Wọ́n dáná sun báńkì ní Ṣágámù. Òṣìṣẹ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa àṣẹ Àbújá ni àwọn aráàlú ń rí lu, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì fẹ́ padà sí ẹnu iṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kẹta wa ní gbogbo ìyẹn kọ́ ni òun ń sọ. Ó ní ní oṣù náà, bí ènìyàn bá fi 10,000 náírà ránṣẹ́ sínú àkáǹtì òun, 8,000 ni òun ń kà fún un. Ó ní òun náà ń ra owó lọ́wọ́ àwọn kan ní ọ̀wọ́n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èrè ń wọlé dáadáa. "Náírà ni mo fi ń ra náírà," ni ó wí. "Kí ààfáà tí ó ní mo fi ribà sílẹ̀ bá mi wá orúkọ ìyẹn." Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n wa ní kí ó lọ bi àwọn onímọ̀ bí yóò ṣe tún un ṣe. Ó ti lọ. Ohun tí wọ́n sọ fún un wà láàárín wọn.

Ti ẹnì kẹrin kò gùn. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe ní báńkì. Bí ètò orí fóònù bá kọṣẹ́ ní aago méjì òru, òun ni wọ́n ń jí. Ní 2022, àwọn ọ̀gá báńkì pàápàá ń ké síta pé àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ń kó lọ sí òkè òkun; nínú àwọn 11 tí wọ́n jọ wà ní yàrá iṣẹ́ kan, 7 ni ó lọ láàárín ọdún kan, òun sì jẹ́ ọ̀kan. Ó kúrò nítorí pé owó náírà kò tó nǹkan mọ́, ó sì ṣe ọpẹ́ nígbà tí náírà tún já wálẹ̀ ní 2023 pé òun ti lọ. Ẹ óò béèrè ibi tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Ọba báyìí. Báńkì ni. Báńkì tí ń gba èlé! Òun ni ẹni tí ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu ní ọjọ́ wòlímà. Ó ní ààfáà ti fa òun lọ́wọ́ dìde kí òun tó lè sọ̀rọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a ń fi ọ̀rọ̀ èlé ṣeré. Suratul Baqarah tí a há sórí ní ilé-kéwú yìí kò tíì kúrò lórí wa, a sì mọ àwọn kan ní ìlú mìíràn tí ó jẹ́ pé nítorí rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi lọ, tí wọ́n sì jìyà rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Àwọn àbúrò wa kan máa ń bi wá pé ṣé àwọn báńkì tí kì í gba èlé kò sí ni. Wọ́n wà: Jaiz bẹ̀rẹ̀ ní January 2012, TAJBank ní December 2019, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀lé wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀, àyè iṣẹ́ inú wọn kò sì lè gba gbogbo ọmọ Mùsùlùmí tí ó kà nípa owó. Arábìnrin wa kọ ìwé sí ọ̀kan, wọn kò pè é. Ní March 2024, Báńkì Àpapọ̀ tún gbé owó ìpìlẹ̀ sókè, bílíọ̀nù 500 fún báńkì tí yóò máa ṣòwò dé òkè òkun, ó sì fún gbogbo wọn ní gbèdéke ọjọ́ 31 March 2026. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa gbọ́ ọ lórí rédíò, ó ní òun rí àga kan ṣoṣo pẹ̀lú máníjà mẹ́ta lójú òun.

Ó wá ku ẹnì karùn-ún.

A lọ sí ilé rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìrun àsárì. Ó ti pé ọdún 17 tí ó ti wà ní báńkì. Kò sí ohun tí ojú àwa mẹ́rin rí tí ojú tirẹ̀ kò rí. Ọkọ rẹ̀ ti di olóògbé, ọmọ mẹ́rin ni ó ń tọ́, méjì nínú wọn wà ní ilé-kéwú yìí. Ó yá owó lọ́wọ́ báńkì rẹ̀ láti fi parí ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Bí báńkì ṣe ń di òṣìṣẹ́ mú nìyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ ọ́n: èlé kékeré ni wọ́n fi ń yá òṣìṣẹ́ lówó, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá kọ ìwé pé òun ń lọ, gbogbo gbèsè náà ni ó di sísan, èyí tí kò bá lè san yóò bọ́ sórí èlé tí ará ìta ń san. Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ó fi ìwé tí ó fi ṣírò hàn wá, inú Alùkùráánì rẹ̀ ni ó ń fi í pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí náà, olóòtú, bí ẹ bá sì fẹ́ yọ ọ́ kí ẹ yọ ọ́. Nígbà tí òjò gbé òrùlé kíláàsì méjì lọ ní ilé-kéwú yìí, tí a ń dáwó, òun ni ó san iye tí ó pọ̀ jù. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lórí gbohùngbohùn lọ́jọ́ náà, wọ́n ṣàdúà fún un títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí ẹni tí ó bi í níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́.

A ka ohun tí a kọ yìí sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní kí a yọ ibì kan kúrò, a sì ti yọ ọ́. Nígbà tí a dé ibi tí ẹ̀gbọ́n wa ti ń sọ̀rọ̀ ribà tí ó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín dé ibi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bu àmàlà fún wa. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, ó béèrè bóyá aago mẹ́wàá Àbámẹ́ta ìparí oṣù náà ni àsálátù ṣì wà. A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní Àbámẹ́ta ìparí oṣù ni wọ́n ń pe àwọn wá ṣe ìṣirò ní ọ́fíìsì, pé láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́ ni òun ti ń fi irọ́ yọ ara òun jáde wá bá wa, ó sì ti rẹ òun.

A ti sún un sí ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́wàá àárọ̀, ibì kan náà.